Bryn Jones: Ọmọ Manchester tó pe àwo orin rẹ̀ ní Hajj láì dé Mẹ́kà rí

Ní ọdún 1986, ọ̀dọ́kùnrin kan ní ìlú Manchester, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju 25 lọ, gbé àwo orin kan jáde, ó sì sọ ọ́ ní Hajj. Kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò dé Mẹ́kà rí, kò dé Jẹ́dà, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Lárúbáwá kankan títí tó fi kú. Bryn Jones ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Muslimgauze ni orúkọ tó ń kọ sára àwo.

Ó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún báyìí tí àwo yẹn ti jáde, àwọn tó fẹ́ràn orin ẹ̀rọ sì ṣì ń wá a kiri. Mo fẹ́ kí a padà gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe torí pé ó dùn nìkan. Ọ̀pọ̀ wa tí wọ́n bí sí London, Houston tàbí Dublin ló ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá. À ń gé ohùn gángan láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, à ń fi ohùn ìyá àgbà kún un, a sì ń fi orúkọ ìlú tí a kò sùn mọ́jú rí pe orin wa. Bí ẹnìkan bá wá bi wá pé ta ló fún wa láṣẹ, ẹnu wa á wọhò. Bryn Jones ti pàdé ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa.

Ta ni ọkùnrin yìí?

Ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, ọdún 1961 ni wọ́n bí i ní agbègbè Manchester. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló ń gbé, kódà nígbà tó ti di àgbà. Ìlú tí ilé ijó Haçienda ti ń gbiná nígbà náà ló wà, àmọ́ orin rẹ̀ kò jọ orin ibẹ̀. Orin àwọn ẹgbẹ́ òṣèré bíi Can àti Faust láti Jámánì, àti Throbbing Gristle láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló là á lójú: àwọn tó ń lo téèpù àti ẹ̀rọ bí ẹni ń lo ìlù, tí wọn kò bìkítà bí rédíò bá fẹ́ gbé e tàbí kò fẹ́.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, E.g Oblique Graph ni orúkọ tó ń lò. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1982, àwọn ọmọ ogun Israel wọ Lebanon, wọ́n dé Beirut, ìròyìn àwọn tó kú sì ń dé orí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo alẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ Bryn Jones lára. Ní ọdún 1983 ó ti yí orúkọ padà sí Muslimgauze, ó sì pinnu pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Palestine àti sí àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni orin òun yóò máa dá lé lórí láti ìgbà náà lọ. Kò yẹsẹ̀ lórí ìpinnu yẹn títí ó fi kú.

Orúkọ náà jẹ́ eré ọ̀rọ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, muslin ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, gauze náà sì ni aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́. Ó yí lẹ́tà kan padà, muslin di Muslim. Àwọn onímọ̀ èdè sọ pé láti orúkọ ìlú Mosul ní Iraq ni muslin ti wá, àwọn kan sì gbà pé láti Gaza ni gauze ti ṣẹ̀. Bí ẹ bá wo ìròyìn òde òní, ẹ ó rí i pé orúkọ náà kò tíì gbó.

Òun nìkan ṣoṣo ló ń ṣe é. Ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lùlù, ó ní ẹ̀rọ tí ń lu ìlù fúnra rẹ̀, dùùrù abánáṣiṣẹ́, àti téèpù tó ti gba ohùn oríṣiríṣi sílẹ̀. Kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Ó ṣọ̀wọ́n kó jáde ṣeré fún èrò. Ohun tó mọ̀ nípa ilẹ̀ Lárúbáwá kò ju ohun tó kà nínú ìwé àti ìwé ìròyìn àti ohun tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ọdún 1986 kò fara rọ

Ẹ jẹ́ kí a rántí irú ọdún tí àwo Hajj jáde. Ní oṣù Kìíní, ìjọba ológun Ibrahim Babangida mú Nàìjíríà wọ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, èyí tí wọ́n ń pè ní OIC, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ gan-an. Ṣáájú ìgbà náà, olùwòran ni Nàìjíríà jẹ́ níbẹ̀. Jẹ́dà ni olú ilé iṣẹ́ àjọ náà wà, ìwé òfin rẹ̀ sì sọ pé ibùjókòó fún ìgbà díẹ̀ ni, títí dìgbà tí Jerúsálẹ́mù yóò fi gba òmìnira. Ìròyìn yìí dá awuyewuye sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ebitu Ukiwe tó jẹ́ igbákejì Babangida jẹ́ kó yé aráyé pé ìgbìmọ̀ ìjọba ológun kò jíròrò rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti yọ ọ́ nípò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí bàbá ti lè jẹ́ lèmọ́mù kí àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á jọ jẹ ẹran iléyá tí wọ́n á sì jọ jẹ ìrẹsì Kérésì, àríyànjiyàn náà wọ inú ilé. Bí ẹ bá bi àwọn òbí yín, ẹ ó gbọ́.

Ní oṣù Kẹrin, àwọn bàálù ogun Amẹ́ríkà gbéra láti ibùdó wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Tripoli ní Libya. Ogun Iran àti Iraq ti wọ ọdún kẹfà. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí èrò Hájì ń wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà rí ohun abúgbàù nínú ẹrù àwọn kan tó wá láti Iran. Ní oṣù Kẹwàá, Ọba Fahd ti Saudi Arabia gba orúkọ oyè tuntun, Olùtọ́jú Mọ́ṣáláṣí Mímọ́ Méjèèjì. Ní oṣù yẹn kan náà, bọ́ǹbù tí wọ́n fi sínú àpò ìwé pa akọ̀ròyìn Dele Giwa ní ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Owó náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbà náà, ẹni tó bá sì ń tọ́jú owó de Hájì ọdún tó tẹ̀lé e mọ̀ pé owó náà kò ní tó mọ́.

Inú ọdún yìí ni ọmọ Manchester ti mú orúkọ ìrìn-àjò tó mọ́ jù lọ nínú ẹ̀sìn ìsìláàmù, tó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwo.

Ta ló ń lùlù ní Hájì?

Orin Muslimgauze kì í ní akọrin. Ìlù ló máa ń gbé e. Ìlù ọwọ́ á máa lọ, ẹ̀rọ á máa lù tẹ̀lé e, dùùrù á máa hó lábẹ́ bí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú aginjù kọjá. Kò sí ègbè tí ènìyàn lè gbé, kò sí ibi tó ti máa ń gbóná kó tó rọlẹ̀ bíi ti orin ijó. Ó kàn ń rìn lọ ni. Ẹni tó bá ti mọ bí àwọn onílù fújì ṣe máa ń di ìlù mú fún ogún ìṣẹ́jú láì jẹ́ kó já, ara rẹ̀ á tètè mọ ọ́n. Èmi ò sọ pé Bryn Jones gbọ́ fújì rí o. Mò ń sọ pé etí Yorùbá kò ní jẹ́ àlejò níbẹ̀.

Mo fi àwo náà ṣeré fún màmá mi, tí wọ́n ti lọ sí Hájì. Wọ́n gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì bi mí pé ta ni onílù. Mo ní òyìnbó kan ni. Wọ́n ní kí ló pe orin náà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ìlù ní Hájì.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọn kì í lùlù sí iṣẹ́ Hájì. Ohùn tó gba gbogbo ibẹ̀ ni ti àwọn èrò tí wọ́n jọ ń dáhùn ìpè Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá, láti ibi tí wọ́n ti wọ aṣọ funfun títí dé Mẹ́kà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá mi ní ohun tí àwọn ò lè gbàgbé ni ìró ẹsẹ̀ lórí òkúta mábù bí wọ́n ṣe ń yí Káábà po, àti bí àwọn ṣe jókòó dúró láti òwúrọ̀ di ọ̀sán lábẹ́ àwọn àgọ́ funfun gìrìwò tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, níbi tí èdè gbogbo ayé ti ń kọlu ara wọn. Kò sí èyí nínú àwo Bryn Jones.

Ilẹ̀ Yorùbá ni ìlù Hájì wà. Bí Àlàájì tuntun bá dé sí Ìbàdàn tàbí Mushin, ìlù ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Sákárà, àpàlà àti wákà ti kọrin kí àwọn tó ti Mẹ́kà dé láìmọye ìgbà, fújì fúnra rẹ̀ sì jáde láti inú orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ jí àwọn èèyàn fún sààrì nínú oṣù Ramadan. Lójú tèmi, ìlù inú àwo Bryn Jones sún mọ́ ti ìpadàbọ̀ ju ti ìrìn-àjò lọ. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi orúkọ ibi tí ìlù kò sí pe orin tó jẹ́ kìkì ìlù.

Kò lọ, kò sì fẹ́ lọ

Ní ti Mẹ́kà, òfin ti dí ọ̀nà náà. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ ìlú náà, Bryn Jones kò sì ṣe bí ẹni tó gba ẹ̀sìn kó lè rí ọ̀nà wọlé. Jẹ́dà, tí kò jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 80 sí Mẹ́kà, kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, àmọ́ Saudi Arabia kò tíì máa fún arìnrìn-àjò afẹ́ ní físà nígbà náà. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Lónìí, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún orin ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Balad Beast láàárín àwọn ilé àtijọ́ Al-Balad ní Jẹ́dà, lójú títì tí àwọn arìnrìn-àjò Hájì ti ń gbà kọjá láti ayébáyé. Bí ẹnìkan bá sọ èyí fún Bryn Jones ní 1986, á rò pé wọ́n ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà ni.

Àmọ́ kì í ṣe físà nìkan ló dá a dúró. Ó ti jẹ́ kí àwọn oníròyìn mọ̀ pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ tí wọ́n fi ipá gbà, ó sì rí àìlọ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn kọ̀ láti ra ọjà aninilára. Èmi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn tán. Cairo kò sí lábẹ́ ẹnìkankan. Amman ńkọ́? Àwọn ará Yemen ti ń gbé ní Eccles, lẹ́bàá Manchester níbẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin. Ẹni tó fẹ́ mọ bí Mẹ́kà ṣe rí lè wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn.

Mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń sọ èyí, ara mi ni mò ń bá wí. Àwa náà ní àwọn àǹtí àti àǹkù tó lè sọ fún wa bí Ọ̀jà Ọba ṣe ń dún ní òwúrọ̀, YouTube la sì ń wò.

Òyìnbó tó wọ Mẹ́kà

Kí a má bàa rò pé àìlọ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnìkan tó lọ. Christiaan Snouck Hurgronje, ọ̀mọ̀wé ọmọ Netherlands, dé Jẹ́dà ní 1884. Ó kọ́ èdè Lárúbáwá dójú àmì, ó gba ẹ̀sìn ìsìláàmù, ó ń jẹ́ Abd al-Ghaffar, ó sì gbé ní Mẹ́kà fún bí oṣù mẹ́fà ní 1885 kí wọ́n tó lé e jáde kí Hájì ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó kọ nípa ìlú náà wúlò títí dòní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fonógíráàfù gba orin àti kíké Kùránì sílẹ̀ fún un láti Jẹ́dà, sórí ìda tí wọ́n ṣe bí agolo. Ó wà lára àwọn ohùn tó pẹ́ jù lọ tí ayé ní láti agbègbè yẹn, Yunifásítì Leiden ló sì ń tọ́jú wọn.

Snouck Hurgronje mọ ohun tó ń dún ní Mẹ́kà ju bí Bryn Jones ṣe mọ̀ ọ́n lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó kó jọ, tó fi mọ́ ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Aceh tó bá pàdé níbẹ̀, ló fi di olùdámọ̀ràn ìjọba Netherlands nígbà tí wọ́n ń fi ogun tẹ Aceh lórí ba ní orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Indonesia lónìí. Ó lọ, ó gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Bryn Jones kò mọ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀, kò sì ta ẹnikẹ́ni. Mi ò rò pé ó yẹ ká fi èyí dá a láre pátápátá, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé rẹ̀ nígbà tí mo bá ń gbọ́ orin rẹ̀.

Orúkọ tó wúwo

Ọdún 1987 burú ju 1986 lọ. Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro Mẹ́kà láàárín àwọn ará Iran tó ń ṣe ìwọ́de àti àwọn agbófinró Saudi. Èèyàn tó lé ní 400 ló kú, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ arìnrìn-àjò Hájì. Ní ọdún yẹn, Muslimgauze gbé ju àwo kan lọ jáde. Ó pe ọ̀kan ní Jazirat-Ul-Arab, èyí tó túmọ̀ sí ilẹ̀ Lárúbáwá tí omi yí ká. Ó pe òmíràn ní Abu Nidal.

Ibi yìí ni mo ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ológun Abu Nidal ló kọlu pápákọ̀ òfurufú Rome àti Vienna ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, tí wọ́n yìnbọn sí àwọn tó tò láti wọ bàálù. Ó tún ń pa àwọn ará Palestine bíi tirẹ̀ tó ń wá àlàáfíà; PLO fúnra rẹ̀ ti dájọ́ ikú fún un láti ọdún 1974. Kí ẹni tó ń gbèjà àwọn ará Palestine wá fi orúkọ yẹn sọ àwo, láì sí ọ̀rọ̀ kan nínú orin tí a lè fi mọ ohun tó ní lọ́kàn, kò dára. Ẹni tó bá gbé ní Gaza tàbí Nablus mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn olórí wọ̀nyí, torí ẹ̀mí ẹbí rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Láti Manchester, orúkọ lásán ni. Ó tún ṣe irú rẹ̀ ní 1993 pẹ̀lú Vote Hezbollah àti Hamas Arc. Àwọn kan ní ó fẹ́ fi dẹ́rù ba òyìnbó ni, kí wọ́n lè bi ara wọn ní ìbéèrè. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kú ní Rome kì í ṣe ìbéèrè.

Ikú àti àwọn téèpù

Iṣẹ́ kò sú u rí. Láàárín nǹkan bí ọdún 16, ó gbé àwo tó lé ní 90 jáde, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké bíi Staalplaat ní Amsterdam, Soleilmoon ní Amẹ́ríkà àti Extreme ní Australia sì ń bá a tẹ̀ ẹ́. Àwo mélòó kan ni wọ́n máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, owó kò sì rọ̀jò. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀kan lọ́wọ́ ni téèpù míì á tún dé. Kì í dúró gbọ́ ohun tí ayé sọ nípa èyí tó ṣe kọjá.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1998, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Manchester. Àrùn olú kan tó ṣọ̀wọ́n ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà fi oògùn mú un sùn kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara rẹ̀ ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó kú ní ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 1999. Ọmọ ọdún 37 ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi orí àwo dá ara yín lẹ́rù. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Hajj, kí ẹ gbọ́ Jazirat-Ul-Arab tẹ̀lé e, kí ẹ lo ohun àtẹ̀tísí tó dára, torí ìlù ìsàlẹ̀ máa ń sọnù lórí fóònù. Téèpù tó ti fi ránṣẹ́ kó tó kú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń tẹ àwo rẹ̀ ṣì ń rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwo Muslimgauze tuntun sì ń jáde látìgbà náà wá.